Ẹ má gbé ìfẹ́ mítà àsansílẹ̀ láti Nàìjíríà dé Ìlú Ọba

Bí ẹnì kan bá ń gbé ní Nàìjíríà, tó sì rí mítà àsansílẹ̀ gbà, ìdúpẹ́ ló kàn. Ó ti bọ́ lọ́wọ́ bílì àfojúbù nìyẹn, bílì tí wọ́n máa ń kọ láìwo ohunkóhun, tí ẹni tó ní gílóòbù méjì àti fáànù kan á máa san owó ẹni tó ní èésì mẹ́ta. Ìdí nìyẹn tí mítà yìí fi dà bí òmìnira lójú wa. Ra iná rẹ, tẹ nọ́ńbà ogún sínú mítà, ohun tó o bá rà lo máa lò. Kò sẹ́ni tó máa gbé àkàbà wá sẹ́nu ọ̀nà rẹ láti já wáyà nítorí gbèsè tó ò mọ̀ nípa ẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé a máa ń di ìfẹ́ yìí mọ́ ẹrù nígbà tá a bá ń jápa. Ẹni tó bá dé Peckham, Manchester tàbí Glasgow, tó bá mítà tó ń lo kọ́kọ́rọ́ tàbí káàdì lára ògiri ilé tó gbà, inú rẹ̀ á dùn pé òun ti rí èyí tóun mọ̀. Á máa gbé kọ́kọ́rọ́ yẹn lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó ní PayPoint nínú òtútù, á máa fi pọ́ùn mẹ́wàá mẹ́wàá sí i. Ọdún kan á lọ, ọdún méjì á lọ, kò ní béèrè bóyá ọ̀nà mìíràn wà. Èrò tèmi ni pé ó yẹ kó béèrè. Mítà tó ń gba èèyàn sílẹ̀ ní Ìbàdàn lè jẹ́ òun gan-an ló ń há èèyàn mọ́ ní London.

Ta ló ń san jù?

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó ń sanwó kó tó tan iná ní Britain ló ń san jù. Ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ta iná máa ń sọ ni pé mítà náà àti ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń gbowó ń ná àwọn lówó. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ló ń lo mítà bẹ́ẹ̀ jù? Ayálégbé ni, aláìní ni, ẹni tí gbèsè iná wà lọ́rùn rẹ̀ ni. Ẹni tí kò ní tó ló wá ń san ju ẹni tó ní lọ lórí iná kan náà.

Díẹ̀díẹ̀ ni ìjọba ń tún un ṣe. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2017, wọ́n fi gbèdéke sí iye tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń lo mítà àsansílẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2023, ìjọba mú èlé orí rẹ̀ kúrò, tí ìyẹn sì tó nǹkan bíi £45 lọ́dún fún ilé kan. Nígbà tó di oṣù Kẹrin ọdún 2024, Ofgem, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná àti gáàsì níbẹ̀, sọ ọ́ di ìlànà tó dúró: wọ́n dín nǹkan bíi £49 kù lọ́dún fún ẹni tó ń lo mítà àsansílẹ̀, wọ́n sì fi bíi £10 kún ti ẹni tí báńkì ń yọ owó iná rẹ̀ lóṣooṣù.

Ẹ wo gbèdéke tí Ofgem kéde fún oṣù Kẹwàá sí oṣù Kejìlá ọdún 2024, fún ilé tó ń lo iná àti gáàsì níwọ̀ntúnwọ̀nsì lọ́dún kan. Ẹni tí báńkì ń yọ owó rẹ̀, £1,717. Ẹni tó ń lo mítà àsansílẹ̀, £1,669. Ẹni tó ń dúró de bílì kó tó lọ sanwó fúnra rẹ̀, £1,829.

Ẹ tún un kà. Àsansílẹ̀ ló kéré jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó bá sá kúrò nídìí mítà àsansílẹ̀, tó wá lọ ń dúró de bílì lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, ó ti fi £160 kún ìnáwó rẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé kẹ́ ẹ ṣáà kúrò lórí mítà yẹn, pé gbogbo ọ̀nà yòókù ló dínwó, ìròyìn àná ló ń jẹ fún yín.

Kí wá ni mò ń pariwo lé lórí?

Ohun mẹ́ta ni.

Àkọ́kọ́, gbèdéke yẹn kì í ṣe owó tó kéré jù lọ́jà. Òun ni òkè tí ilé iṣẹ́ kò gbọdọ̀ kọjá fún ẹni tí kò bá wọn ṣe àdéhùn kankan. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni àwọn àdéhùn oníye kan wà, tí wọ́n á ní iye báyìí la ó máa gbà lọ́wọ́ rẹ fún ọdún kan, bí ọjà gòkè, bó sọ̀ kalẹ̀. Èyí tó dínwó nínú wọn, ẹni tó gbà kí báńkì máa yọ owó ni wọ́n sábà máa ń fún. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń kan ẹni tó ń lo kọ́kọ́rọ́. Ìyẹn ni pé òfin ti tún òkè ṣe, ìsàlẹ̀ ṣì wà bó ṣe wà.

Èkejì, òtútù. Ẹni tí báńkì ń yọ owó rẹ̀ á máa san iye kan náà nínú oṣù Keje àti oṣù Kìíní. Ohun tó san lé nígbà ooru ló máa bá a gbé ìgbà òtútù. Ẹni tó ní mítà àsansílẹ̀ kò ní irú ìrọ̀rùn bẹ́ẹ̀. Inú oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní, tí owó ọkọ̀, owó ilé àti owó tí wọ́n ń retí nílé ń fà á lápá, ni mítà náà máa ń jẹun jù. Kódà bí ẹ bá lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tẹ́ ẹ pa gbogbo nǹkan, owó ojoojúmọ́ tí wọ́n ń gbà lórí mítà á ṣì máa yọ nínú ohun tẹ́ ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta ló burú jù. Bí owó inú mítà bá tán, tí ìwọ̀nba tí wọ́n ń yáni ní pàjáwìrì náà tán, iná lọ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó já a, kò sẹ́ni tó fi lẹ́tà ránṣẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Àjọ Citizens Advice sọ pé lọ́dún 2022 nìkan, èèyàn mílíọ̀nù 3.2 ni owó inú mítà wọn tán mọ́ wọn lọ́wọ́ ní Britain. Nílé wa, bí iná bá lọ, ooru ni, a máa jókòó síta. Níbẹ̀, ọmọ ọwọ́ wà nínú yàrá tí kò ní ohun tó ń mú un gbóná.

Ọwọ́ òfin ńkọ́?

Ẹ rántí pé gbogbo ẹni tó ń lo mítà yìí kọ́ ló yàn án. Òfin kan wà láti ọdún 1954 tó jẹ́ kí ilé iṣẹ́ iná lè gba ìwé àṣẹ nílé ẹjọ́ Májísíréètì láti wọlé onígbèsè. Nígbà kan, àwọn ilé ẹjọ́ kan máa ń fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Nígbà tí ìwé ìròyìn The Times tú u síta ní oṣù Kejì ọdún 2023 pé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún British Gas ń já ilẹ̀kùn àwọn aláìlera láti fi mítà àsansílẹ̀ sílé wọn, ariwo ta. Adájọ́ àgbà Lord Justice Edis ní kí àwọn ilé ẹjọ́ dáwọ́ dúró. Nígbà tó fi máa di òpin ọdún náà, ìlànà tuntun ti jáde: wọn ò gbọdọ̀ fi tipátipá gbé e fún ilé tó ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, tàbí fún ẹni tó ti lé ní ọdún 75 tí kò ní olùrànlọ́wọ́ nílé. Wọ́n gbọ́dọ̀ ti gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mẹwàá, ó kéré tán, láti bá onítọ̀hún sọ̀rọ̀.

Ṣé ẹ rí i? Ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún níbí, níbẹ̀ wọ́n ń fi ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́ gbé e wọlé onígbèsè. Ó yẹ kí ìyẹn nìkan mú wa ronú.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ yí i padà

Bó bá jẹ́ orúkọ yín ló wà lórí owó iná, ẹ̀yin lẹ ni ẹ̀tọ́ láti yan ẹni tó máa ta iná fún yín. Ẹ ka ìwé àdéhùn ilé kẹ́ ẹ tó pààrọ̀ mítà, kẹ́ ẹ sì sọ fún onílé, torí ó lè ní kẹ́ ẹ dá a padà bó ṣe wà nígbà tẹ́ ẹ bá ń lọ. Bó bá jẹ́ smart meter ni, wọn ò ní wá yọ nǹkan kan, láti ọ́fíìsì wọn ni wọ́n ti máa yí i. Ọ̀rọ̀ físà kò kan èyí, kì í ṣe owó ìrànwọ́ ìjọba lẹ̀ ń béèrè.

Wọ́n lè yẹ ìtàn gbèsè yín wò. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kì í sábà ní ìtàn kankan, wọ́n sì lè ní kó fi owó kan sílẹ̀ bí ìdúró. Ẹ béèrè ní ilé iṣẹ́ mìíràn kẹ́ ẹ tó gbà, ohun tí ọ̀kan béèrè fún, òmíràn lè má béèrè. Bẹ́ ẹ bá sì jẹ gbèsè lórí mítà àsansílẹ̀, bí kò bá ti ju £500 lọ lórí iná tàbí lórí gáàsì, ẹ lè gbé e dání lọ sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn tó ń ta àsansílẹ̀.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọlé, ẹ má fi pọ́ùn kan sínú kọ́kọ́rọ́ tẹ́ ẹ bá nílẹ̀. Gbèsè ẹni tó kó jáde lè wà lórí rẹ̀, ẹ̀yin lẹ ó sì máa san án láìmọ̀. Ẹ kọ́kọ́ pe ilé iṣẹ́ náà. Bó bá sì jẹ́ onílé ló ń ta iná fún yín nínú yàrá tẹ́ ẹ gbà, òfin ò gbà á láyè láti ta á ju iye tóun fúnra rẹ̀ ń rà á lọ.

Mo mọ ìbẹ̀rù tó kù. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ẹ máa ní, "Bí wọ́n bá wá kọ bílì bíi ti NEPA fún wa ńkọ́?" Ẹ máa fi nọ́ńbà mítà yín ránṣẹ́ lóṣooṣù, tàbí kẹ́ ẹ lo smart meter tó ń fi í ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Bí àṣìṣe bá ti ọ̀dọ̀ wọn wá, wọn ò lè padà wá gba owó iná tó ti lé ní oṣù méjìlá. Bí owó yín bá pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn, ẹ lè gbà á padà.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo èèyàn ló yẹ kó kúrò. Akẹ́kọ̀ọ́ tàbí òṣìṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó tí wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ kì í dọ́gba, tí báńkì lè wá yọ owó lọ́jọ́ tí àpò rẹ̀ gbẹ, mítà àsansílẹ̀ ṣì lè sàn fún un títí ọwọ́ rẹ̀ á fi mókè. Kó ṣáà jẹ́ pé ó jókòó ṣírò ni, kì í ṣe pé ó bá a lára ògiri.

Ní tiwa nílé, a máa ń rò pé mítà ló ń gbani lọ́wọ́ àwọn tó ń ta iná. Ó ń gbani díẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024 tí wọ́n sọ iná Band A di ₦225 fún ìwọ̀n kan láti ₦68, ẹni tó ní mítà àti ẹni tí kò ní, àwọn méjèèjì ló jẹ ẹ́. Ohun tó ń gba àwọn ará ibẹ̀ ni pé ẹnì kan wà tó lè sọ fún ilé iṣẹ́ iná pé ó tó gẹ́ẹ́, tí wọ́n á sì gbọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà níbẹ̀, ẹ lo ẹ̀tọ́ yẹn. Abèèrè kì í ṣìnà: ẹ pe ilé iṣẹ́ iná yín lọ́la, kí òtútù tó dé.