Ẹ Fẹ́ Ra Káyáàkì fún Ẹja Pípa? Fífẹ̀ Rẹ̀ àti Àga Rẹ̀ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Ọjà ohun èlò ìkọ́lé ni Ọjà Kenyatta ní ìlú Enugu. Ẹni tó ń wá páànù, páìpù, pákó tàbí táńkì omi ni ibẹ̀ wà fún, kì í ṣe ẹni tó ń wá ọkọ̀ ojú omi. Enugu fúnra rẹ̀ kì í ṣe ìlú apẹja. Àwọn odò tó gba inú rẹ̀ kọjá, Asata, Ekulu, Idaw àti Nyaba, kéré. Ẹni tó bá fẹ́ wakọ̀ lórí omi gidi ní ìpínlẹ̀ náà yóò lọ sí ẹ̀bá odò Anambra ní agbègbè Uzo-Uwani, tàbí kó kọjá lọ sí Onitsha níbi tí Odò Ọya wà. Ṣùgbọ́n táńkì omi tí wọ́n ń tò síta nínú irú ọjà bẹ́ẹ̀, èyí tí púpọ̀ nínú wa ń pè ní GeePee láìka ẹni tó ṣe é sí, àti káyáàkì tí àwọn apẹja ń lò káàkiri ayé lónìí, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Ike polyethylene ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe méjèèjì, ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì ń gbà ṣe é. Wọ́n á da ìyẹ̀fun ike sínú mọ́ọ̀dù irin, wọ́n á gbé e sínú ààrò gbígbóná, wọ́n á sì máa yí i lọ́tùn-ún lósì, lókè nísàlẹ̀, títí ike náà yóò fi yọ́ tí yóò sì lẹ̀ mọ́ ara irin láti inú. Bó bá tutù, ohun tó jáde jẹ́ odindi, inú rẹ̀ ṣófo, kò sì sí ojú ìsopọ̀ tí omi lè gbà wọlé. Ó lè forí sọ òkúta kó má fọ́. Ó kàn wúwo ni, oòrùn sì ń sọ ọ́ di gbígbẹ tó ń sán bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ síta lọ́dún dé ọdún. Abẹ́ ibòji ni kí ẹ máa tọ́jú rẹ̀ sí.

Ọ̀dọ̀ àwọn Inuit àti àwọn aládùúgbò wọn ní Greenland, Kánádà àti Alaska ni káyáàkì ti wá. Awọ séèlì tí wọ́n nà sórí egungun àti igi ni tiwọn. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó yára, ọdẹ a sì wọ inú rẹ̀ dé ìbàdí. Èyí tí wọ́n ń tà fún apẹja báyìí yàtọ̀: orí rẹ̀ ni èèyàn ń jókòó sí, kì í ṣe inú rẹ̀. Irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní Adágún Bosomtwe, ní ilẹ̀ Asante ní Gáná, èèwọ̀ àtijọ́ kò gba ọkọ̀ gbígbẹ́ àti irin lórí omi náà, nítorí náà pákó tí wọ́n ń pè ní padua ni apẹja ń gùn, tó ń fi ọwọ́ wà á. Ní Argungu, ní ìpínlẹ̀ Kebbi, àkèrègbè ńlá ni àwọn apẹja ń gbára lé lójú omi nígbà ọdún ẹja pípa tí UNESCO kọ sínú àkọsílẹ̀ àṣà àgbáyé lọ́dún 2016.

Kí ló wá ń mú kí ọkọ̀ kan dúró, tí òmíràn ń dà? Bí ọkọ̀ bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, apá tó rì ń ti omi púpọ̀ sí i, omi náà sì ń tì í padà sókè. Bí apá yẹn bá ṣe jìnnà sí àárín ọkọ̀ tó ni ìtìpadà náà ṣe lágbára tó. Ibẹ̀ ni fífẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ju bí ojú ṣe lè fi í mọ̀ lọ, nítorí pé nínú ìṣirò, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni a ń fi fífẹ̀ sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ti gígùn. Ẹ mú ọkọ̀ méjì tó gùn bákan náà tí ẹrù wọn sì dọ́gba. Bí ọ̀kan bá fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 70, tí èkejì fẹ̀ ní 90, ìtìpadà tí èkejì ń rí gbà látinú fífẹ̀ rẹ̀ ju ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́ lọ. Sẹ̀ǹtímítà 20 péré ló fa ìyẹn! Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ káyáàkì ẹja pípa fi fẹ̀ ní nǹkan bíi 80 sí 100, nígbà tí èyí tí wọ́n fi ń rin òkun jìnnà kì í sábà ju 60 lọ. Ọkọ̀ tó fẹ̀ a máa lọ́ra, àwọn tó ń tà á kì í sì í tètè sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ ju ìwọ̀ sómi, kó sì dúró de ẹja, kò bá ẹnikẹ́ni sáré ìje.

Ọ̀rọ̀ àga ló sún mi kọ àlàyé yìí, nítorí pé ọ̀pọ̀ èèyàn ka ìrọ̀rùn sí fàájì olówó. Kì í ṣe fàájì. Àga tó ga ń tu ẹ̀yìn àti orúnkún lára, ó sì ń jẹ́ kí èèyàn rí omi dáadáa, ṣùgbọ́n bí ìdí èèyàn ṣe ń ròkè ni ọkọ̀ ṣe ń rọrùn láti dà. Àga tó lọ sílẹ̀ ń fún ọkọ̀ ní ìdúró, ṣùgbọ́n lẹ́yìn wákàtí mélòó kan ẹsẹ̀ á kú tipiri, ẹ̀yìn á máa ro èèyàn. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kú a máa ṣí ìdí lójijì, a sì máa yí sẹ́yìn wá ìdẹ láìronú. Irú ìṣípò òjijì bẹ́ẹ̀ ló ń da ọkọ̀ tí ìgbì kò dà. Àwọn Ìlàjẹ àti Ẹ̀gùn tó ń tukọ̀ ní Makoko ti mọ ọkọ̀ mọ́ra láti kékeré, wọ́n lè dúró sẹ́yìn rẹ̀ fi ọ̀pá tì í lọ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kò ní irú ara bẹ́ẹ̀, àga ni kó bá a ṣe é. Èyí tó ṣeé gbé sókè ṣeé sọ̀ kalẹ̀ ló dára jù, tó ní ẹ̀yìn tó le, tí aṣọ rẹ̀ jẹ́ oníhò tí omi ń gbà jáde, pẹ̀lú ibi ìtẹsẹ̀ tó ṣeé sún kí orúnkún lè tẹ̀ díẹ̀. Ẹ jókòó sínú rẹ̀ pẹ́ nínú ìsọ̀ kí ẹ tó sanwó.

Ẹ tún wo abẹ́ rẹ̀. Abẹ́ pẹrẹsẹ dára fún omi tó parọ́rọ́ bí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́. Nínú ìgbì òkun, bíi ti etí Bàdágírì, ọkọ̀ abẹ́ pẹrẹsẹ máa ń tẹ̀ lé ìgbì lọ tẹ̀ lé e bọ̀, àfi kí ẹ wá èyí tí abẹ́ rẹ̀ ní igun díẹ̀.

Omi tó wọnú ọkọ̀ léwu ju ìwúwo rẹ̀ lọ. Àwọn táńkà tó ń gbé omi láti Ninth Mile wọ Enugu fi èyí hàn: omi tí kò kún inú táńkà ń ṣàn lọ sí ẹ̀gbẹ́ tó bá tẹ̀ ní kọ́nà, ó sì ń fi ìwúwo kún ibi tó ti ń ṣubú tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú ọkọ̀. Ihò kéékèèké tó wà nílẹ̀ káyáàkì wà láti da omi náà padà sódò, nítorí náà ẹ má ṣe dí gbogbo wọn pa nítorí pé ẹ kò fẹ́ kí ìdí yín tutù.

Ní ti ẹrù, ẹ ka iye kílò tí ilé-iṣẹ́ kọ sára rẹ̀, kí ẹ sì dúró sí nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀. Ara yín, aṣọ, àpótí yìnyín, ìdákọ̀ró àti ẹja tí ẹ ń retí, gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ kà. Ní October 7, 2022, ọkọ̀ kan tó kó èèyàn tó lé ní 80 dà ní Ogbaru, ní ìpínlẹ̀ Anambra, lákòókò àkúnya omi. Èèyàn 76 ló kú. Ọkọ̀ èrò ni ìyẹn, ṣùgbọ́n òfin omi kò yàtọ̀ fún ọkọ̀ ẹlẹ́nì kan.

Káyáàkì ẹlẹ́sẹ̀ tún wà, tí èèyàn ń fi ẹsẹ̀ wà kí ọwọ́ lè ráyè pẹja. Ilé-iṣẹ́ Hobie ní Amẹ́ríkà ló gbé ẹ̀rọ àfẹsẹ̀wà tí wọ́n ń pè ní MirageDrive jáde lọ́dún 1997. Ó wọ́n. Ewéko water hyacinth tó ti ń bo ọ̀sà wa láti nǹkan bí ọdún 1984 sì máa ń lọ́ mọ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Fún ọ̀sà Èkó, àjẹ̀ ni mo fara mọ́.

Fún ẹni tó fẹ́ fi pákó kan tirẹ̀: marine board tí wọ́n ń tà ní ọjà ohun èlò ìkọ́lé, kọnkéré ni wọ́n ṣe é fún. Pákó ọkọ̀ gidi, irú èyí tó bá ìlànà BS 1088 mu, kò gbọdọ̀ ní àlàfo láàárín ìpele rẹ̀, gọ́ọ̀mù rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí omi ń tú.

Bí ẹ bá rí èyí tó wù yín, ẹ ní kí wọ́n gbé e sórí omi tí kò ju ìbàdí lọ. Ẹ mì í, ẹ yí sẹ́yìn bí ẹni ń mú ìdẹ, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú, kí ẹ sì gbìyànjú àtigun orí rẹ̀ padà. Bí ẹ kò bá lè gùn ún padà níbẹ̀, ẹ kò ní lè gùn ún padà láàárín ọ̀sà. Àjọ NIWA tó ń rí sí omi ilẹ̀ wa kò yé kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má wọkọ̀ láìwọ life jacket, kí a má sì rin omi lóru. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra life jacket tó bá ara yín mu lọ́jọ́ tí ẹ bá ra ọkọ̀, ẹ má ṣe gbé e sẹ́yìn àga, ẹ wọ̀ ọ́, kí ẹ sì dè é kí ẹ tó kúrò ní èbúté.