Bí Ọmọ Bá Pe Bàbá Rẹ̀ ní “Silly”

Ẹ̀yin òbí, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 6 kan ní Toronto yìí fi ẹ̀rín pe bàbá rẹ̀ ní “silly”. Bàbá ti gbọ́wọ́ sókè láti gbá a létí kí ìyá tó dì í mú. (Ẹ mọ ibi tí irú ìgbátí bẹ́ẹ̀ lè gbéni dé níhìn-ín.) N kò lè dá bàbá náà lẹ́bi pátápátá. Èébú gidi ni ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn olùkọ́ wa nílé. Ṣùgbọ́n lẹ́nu ọmọdé Kánádà, aláwàdà lásán ni.

Ọ̀rọ̀ náà ti rìn jìnnà. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, “sælig” ni, èyí tí í ṣe aláyọ̀, ẹni ìbùkún. “Selig” tí àwọn ará Jámánì ń lò títí di òní kò tíì kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó di aláìmọwọ́-mẹsẹ̀, ó di ẹni tí àánú ń ṣeni. Kí ọdún 1600 tó pé, ó ti di òmùgọ̀.

Mo ní kí bàbá náà kọ́ ọmọ rẹ̀ ní “apanilẹ́rìn-ín”. Ẹnu ọmọ kò tíì gbà á tán, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ti jọ ń rẹ́rìn-ín sí i.