Òótọ́ àbí irọ́? “Irú orin kọ̀ọ̀kan ló ní gìtá tirẹ̀”

Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta gìtá pé èwo ló dára jù, ìbéèrè ni yóò fi dá yín lóhùn: irú orin wo lẹ fẹ́ máa ta? Tẹ́ ẹ bá ní jùjú tàbí háíláìfù ni, á ní kẹ́ ẹ lọ mú Stratocaster. Rọ́ọ̀kì? Les Paul ni. Country? Telecaster. Jáàsì? Ẹ wá gìtá ńlá tí inú rẹ̀ ṣófo. Ẹni tó bá wá fẹ́ ta gbogbo rẹ̀ ńkọ́? Kó yáa múra láti ra mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ ló ti gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ láìwádìí, títí kan àwọn tí wọ́n mọ gìtá ta dáadáa. Ẹ jẹ́ ká gbé e lé ìwọ̀n.

Ọ̀dọ̀ onígìtá ṣọ́ọ̀ṣì ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀, torí òun lọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Láàárín ìsìn ọjọ́ Àìkú kan ṣoṣo, orin ìjọsìn tó ń rọra lọ ló máa kọ́kọ́ ta. Tó bá di àkókò ìyìn, wọ́n á bọ́ sí háíláìfù, láti ibẹ̀ wọ́n á já sí jùjú. Kó tó mí kanlẹ̀, ẹni tó ń dá orin á gbé rẹ́gè dìde láìsọ fún un tẹ́lẹ̀. Tó bá ku ọrẹ gbígbà, ìlù á yí padà, wọ́n á ní kó ta á bíi tàwọn ará Kóńgò. Kò sẹ́ni tó máa dúró dè é kó lọ pààrọ̀ gìtá. Èyí tó gbé kọ́rùn láàárọ̀ náà ló máa wà lọ́rùn rẹ̀ títí wọ́n á fi ṣe oore-ọ̀fẹ́, àwọn èèyàn á sì ti jó títí aṣọ á fi tutù. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni pé gìtá kan ò lè gbé ju irú orin kan lọ, ó yẹ kí gbogbo ìjọ ti fura tipẹ́.

Kí ni àwọn gbajúmọ̀ ṣe?

Ẹnì kan lè ní àìrówó ló fa ti onígìtá ṣọ́ọ̀ṣì, pé àwọn olówó ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wo àwọn olówó.

Ilé iṣẹ́ Fender ní California ló ṣe Telecaster, ọdún 1951 ló sì gba orúkọ yẹn. Àwọn olórin country ló kọ́kọ́ rọ̀ mọ́ ọn. Síbẹ̀, òun ni Jimmy Page fi ta àwo àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ Led Zeppelin gbé jáde lọ́dún 1969. Òun náà ló tún mú nígbà tó fẹ́ dá gìtá ta nínú “Stairway to Heaven” lọ́dún 1971. Les Paul ni wọ́n máa ń rí lọ́rùn rẹ̀ nínú fọ́tò, ọ̀pọ̀ sì ń búra pé ohùn Les Paul làwọn ń gbọ́ nínú orin yẹn. Ed Bickert, ọmọ ilẹ̀ Kánádà, mú irú Telecaster kan náà, ó fi ta jáàsì tó rọ̀ bí ìgbà téèyàn ń sọ̀rọ̀ ní pẹ̀lẹ́.

Les Paul ńkọ́? Ọdún 1952 ni Gibson gbé e jáde, orúkọ olórin jáàsì kan ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó tíì ń ta rọ́ọ̀kì líle nígbà náà tí wọ́n fi lè ní torí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe gìtá náà. Ọ̀kan nínú ìdílé gìtá yìí, Les Paul Special, ni Bob Marley gbé kọ́rùn tó fi ta rẹ́gè fún gbogbo ayé. Stratocaster náà, tó jáde lọ́dún 1954, àwọn olórin country wà lára àwọn tó gba Fender nímọ̀ràn bó ṣe yẹ kó rí. Ẹ wo bí Jimi Hendrix ṣe wá fi ta rọ́ọ̀kì. Ẹ tún wo Nile Rodgers: Stratocaster kan ṣoṣo ló fi ta gìtá fún ẹgbẹ́ Chic, ó fi ta “Let's Dance” fún David Bowie lọ́dún 1983, ó tún fi ta “Get Lucky” fún Daft Punk lọ́dún 2013.

Ẹ jẹ́ ká dé ilé wa. Ayinde Bakare ló kọ́kọ́ mú gìtá oníná wọnú jùjú, ọdún 1949 ni. Lọ́dún náà, Fender ò tíì ta Telecaster kankan, ká má tíì sọ Stratocaster. Jùjú ti ń lo iná kí gìtá tí wọ́n ní ó jẹ́ tirẹ̀ tó dáyé.

Ibi tí ohùn ti ń wá

Okùn gìtá oníná, irin ni. Ó máa ń gbọ̀n lókè òòfà tí wọ́n fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ wé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Gbígbọ̀n yẹn ló ń dá iná kékeré sínú wáyà, iná yẹn ni ámpù sì ń sọ di ariwo. Òòfà àti wáyà yìí ni àwọn onígìtá ń pè ní pickup. Tó bá wà nítòsí ìdí okùn, níbi tí okùn kì í ti í gbọ̀n púpọ̀, ohùn rẹ̀ á mú, á máa ta létí. Tó bá wà nítòsí ọrùn gìtá, ohùn rẹ̀ á rọ̀, á sì kún. Okùn kan náà, ọwọ́ kan náà, ohùn méjì. Iṣẹ́ swíìṣì tó wà lára gìtá nìyẹn, ọ̀pọ̀ onígìtá sì wà tó jẹ́ pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á, ojú kan ni wọ́n fi í sí.

Oríṣi pickup méjì ló gbajúmọ̀. Single-coil ní wáyà wíwé kan. Ohùn rẹ̀ mọ́ gaara, ṣùgbọ́n ariwo iná máa ń kó sí i nínú. Ẹ tan ámpù sókè nínú yàrá tí iná pọ̀ sí, ẹ má tíì ta ohunkóhun, ẹ ó gbọ́ tó ń kùn yùn-ùn-ùn. Ẹ wá rọra yí ara yín pẹ̀lú gìtá lọ́rùn: á dé apá ibì kan tí kíkùn yẹn á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́, ẹ tún yí díẹ̀ sí i, á padà. Iná tó ń yí padà nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan nínú wáyà ilé ni gìtá ń gbọ́. Nítorí ariwo yìí ni Seth Lover ṣe humbucker fún Gibson: wáyà wíwé méjì tí wọ́n kọ ẹ̀yìn síra wọn, tí ariwo iná inú èkíní ń pa ti èkejì. Ọdún 1957 ló dé ara Les Paul. Ohùn rẹ̀ ki ju ti single-coil lọ, ó sì máa ń ti ámpù débi tí ohùn á fi fọ́ bí àwọn olórin rọ́ọ̀kì ṣe ń fẹ́ ẹ.

Igi tí wọ́n fi gbẹ́ ara gìtá ńkọ́? Jim Lill, onígìtá kan ní Nashville, ṣe ìdánwò kan tí gbogbo èèyàn lè wò nínú fídíò. Ó yọ igi kúrò pátápátá, ó na okùn sáàárín ohun méjì tó dúró gbọn-in nínú yàrá iṣẹ́ rẹ̀, ó gbé pickup sábẹ́ rẹ̀ ní ibi tó yẹ kó wà gan-an. Ohùn tó jáde sún mọ́ ti gìtá gidi débi pé ẹni tó bá fẹ́ mọ̀yàtọ̀ á làágùn. Ìdánwò ẹnì kan ò lè parí ẹjọ́, ṣùgbọ́n ó fi hàn wá ibi tí ọ̀rọ̀ wúwo sí: pickup àti ibi tó wà.

Kí ló dé tá a fi gbà á gbọ́?

Ojú ló kọ́kọ́ tàn wá. Fọ́tò akọni wa là ń rí kó tó di pé a gbọ́ bó ṣe ń tún ohùn ṣe. A wá rò pé gìtá inú fọ́tò ló ń ṣiṣẹ́.

Èkejì ni pé à ń rí àwọn gbajúmọ̀ tí wọ́n ń pààrọ̀ gìtá lórí ìtàgé. Bẹ́ẹ̀, kì í sábà jẹ́ nítorí irú orin. Okùn lè já. Ó sì lè jẹ́ pé orin tó kàn ń fẹ́ kí wọ́n tún okùn fà sí ohùn mìíràn, kò sì sáyè láti ṣe ìyẹn lójú èrò. Keith Richards, onígìtá rọ́ọ̀kì, yọ okùn kan kúrò, ó fa márùn-ún tó kù sí ohùn tó wù ú; gìtá bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lọ́tọ̀.

Ẹ̀kẹta, a máa ń gbé iṣẹ́ ámpù fún gìtá. Lọ́dún 1962, nígbà tí Jim Marshall àti àwọn èèyàn rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe ámpù wọn àkọ́kọ́, ámpù Fender kan tí wọ́n ṣe fún gìtá béèsì ni wọ́n wò ṣe é. Èyí ló wá di ohùn rọ́ọ̀kì. Bí ohun tí wọ́n ṣe fún béèsì bá lè di ohùn rọ́ọ̀kì, ta ló wá kù tó máa sọ pé gìtá ò gbọdọ̀ kúrò níbi tí wọ́n bí i sí?

Òótọ́ tó wà nínú irọ́ náà

Ẹ má jẹ́ ká ṣe àṣejù. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Iṣẹ́ wà tí gìtá kan ò lè bá òmíràn ṣe. Gìtá tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ fi irin yọ̀ lórí rẹ̀, irú èyí tí Demola Adepoju ta nínú ẹgbẹ́ King Sunny Ade, kò sí gìtá àkọ́rùn tó máa ṣe é bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Orin metal tó ń lọ sísàlẹ̀ gan-an ń fẹ́ okùn méje tàbí mẹ́jọ. Gìtá onínú ṣíṣófo ní ìmí tirẹ̀, òun náà ló sì máa ń hu lójú ẹni tí ámpù bá lọ sókè jù. Ẹni tó bá ń fi ọ̀kan nínú wọ̀nyí jẹun, kó rà á. Ṣùgbọ́n àwọn yẹn ò pọ̀ láàárín wa.

Èwo ni ká wá rà?

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gìtá kan tó máa bá yín dé ibi gbogbo, ẹ wá èyí tó ní humbucker kan nídìí okùn àti single-coil méjì sókè, bíi Yamaha Pacifica 112. Fún rọ́ọ̀kì, ẹ lo humbucker, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ámpù fọ́ ohùn. Fún jùjú àti háíláìfù, ẹ fi swíìṣì sáàárín single-coil méjèèjì, ẹ jẹ́ kí ohùn mọ́, kẹ́ ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ kan okùn díẹ̀. Ibi àárín yẹn gan-an, àwọn onígìtá ló wá a rí: ojú mẹ́ta péré ni swíìṣì Stratocaster ní tẹ́lẹ̀, wọ́n ń fi ọgbọ́n há a sáàárín, títí Fender fi sọ ọ́ di ojú márùn-ún lọ́dún 1977. Fún jáàsì, ẹ lo pickup ọrùn nìkan, ẹ sì yí bọ́tìnnì ohùn wálẹ̀. Pickup ọrùn náà ló dára fún rẹ́gè, ṣùgbọ́n kí ọwọ́ máa gé e kúrú.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ fọwọ́ kan okùn díẹ̀ lókè irin kejìlá tó dábùú ọrùn gìtá, ẹ ta á kó dún bí agogo. Ẹ wá tẹ okùn náà mọ́lẹ̀ níbẹ̀, ẹ tún ta á. Tí ohùn méjèèjì ò bá dọ́gba, gìtá náà ń fẹ́ àtúnṣe nídìí okùn. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tà á tún un ṣe kẹ́ ẹ tó gbé e. Ẹ ti swíìṣì lọ ti i bọ̀, tó bá ń ta pàràpàrà, ẹ ní kó dín owó. Ẹ fa okùn nà dáadáa, kẹ́ ẹ gbọ́ bóyá ó padà síbi tó wà. Gìtá tí ohùn rẹ̀ ń yẹ̀ láàárín orin ò wúlò fún irú orin kankan.

Ìdájọ́ wa: irọ́ ni. Ọwọ́, ibi tí pickup wà, àti ámpù ló ń sọ irú orin, orúkọ tí wọ́n kọ sórí gìtá kọ́. Ẹni tó bá ti ní ẹyọ kan tó dára, tó sì ń tọ́jú owó fún èkejì, kó fi owó náà ra ámpù tó dára. Yóò gbọ́ ìyàtọ̀ níbẹ̀ ju kó tún gba gìtá mìíràn kọ́rùn lọ.