Kọ̀ǹpútà Méjì, Lẹ́jà Kan

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa! Ẹ ò tíì gbàgbé ọjọ́ 14 oṣù kẹta, 2024, tí okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, já lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan, tí iṣẹ́ báńkì púpọ̀ dúró. Mẹ́rin o! Àmọ́ ẹ̀bá ibì kan náà ni gbogbo wọn gbà.

Ìdí nìyí tí a fi ra sáfà méjì sí ọ́fíìsì wa ní Sàngó. Bí ọ̀kan bá kú, èkejì á gba iṣẹ́ ṣe, ẹni tó wá gba ẹ̀yáwó kò ní padà lọ́wọ́ òfo. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní ẹnu iná méjì. Oníṣẹ́ wa so méjèèjì mọ́ bọ́ọ̀dù kan. Mo ní kó tú u. Ọ̀kan wà lára ínfátà báyìí, èkejì lára NEPA àti jẹnẹrétọ̀.

Okùn tí wọ́n fi ń béèrè àlàáfíà ara wọn ló bà mí lẹ́rù jù. Bó bá já, oníkálùkù á rò pé èkejì ti kú, àwọn méjèèjì á wá máa kọ lẹ́jà kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Owó ta ló máa pé? Nítorí náà okùn méjì la fà, ọ̀nà wọn ò papọ̀, a sì fi ẹ̀rọ kékeré kẹta ṣe ẹlẹ́rìí. Èyí tí ẹlẹ́rìí bá gbè ló máa kọ̀wé, èkejì á jókòó jẹ́ẹ́.

Níjọ́ ìpàdé, a ó fa okùn kan yọ lójú gbogbo yín. Ẹ mú pásíbúùkù yín dání.