Ìtànṣán àti Ìlà Ìmọ́lẹ̀

Lójú ọ̀nà Cotonou sí Parakou tí ó gba Tchaourou kọjá, ẹni tí ó bá wo ilẹ̀ lẹ́bàá àtẹ àwọn tí ń ta epo kpayo lẹ́yìn òjò yóò rí oríṣiríṣi àwọ̀ lójú omi tí ó dárogún: pupa, ìyeyè, àwọ̀ ewé, àwọ̀ aró. Epo inú ìgò kò ní àwọ̀ wọ̀nyí, omi kò sì ní wọn. Kí a tó lè ṣàlàyé wọn ní Yorùbá-Nàgó, ó yẹ kí a yanjú ọ̀rọ̀ kan, èyíinì ni ohun tí àwọn Faransé ń pè ní «rayon».

Ẹrù ọ̀rọ̀ Faransé yìí pọ̀ jù. Ó jẹ́ ìtànṣán oòrùn, ó jẹ́ wáyà ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, ó tún jẹ́ ìlà láti àárín òbíríkítí dé etí rẹ̀. Ní èdè tiwa, ìtànṣán ni ohun tí ojú rí: ìmọ́lẹ̀ tí ó gba ihò ìlẹ̀kùn wọ yàrá tí ó ṣókùnkùn. Ṣùgbọ́n «rayon» inú ìwé ìmọ̀ ìmọ́lẹ̀ kò ṣeé rí. Ìlà tí a fà sórí ìwé ni. Nítorí náà, ìlà ìmọ́lẹ̀ ni a ó pè é, kí ìtànṣán lè dúró sáyè rẹ̀.

Ìgbì ni ìmọ́lẹ̀ ń bá rìn. Christiaan Huygens ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1690. Òkun jìnnà sí Tchaourou, nítorí náà kí olùkọ́ má fi ìgbì òkun ṣe àpẹẹrẹ. Kí ó ju òkúta sínú adágún. Òrùka omi yóò máa gbòòrò. Ìlà tí a bá fà láti ibi tí òkúta bọ́ sí, tí ó dábùú gbogbo òrùka náà, ni ìlà ìmọ́lẹ̀.

Ìlà lásán tó fún dígí, ó sì tó fún ẹja tí apẹja rí bí ẹni pé ó súnmọ́ ojú omi ju bí ó ti wà lọ. Kò tó fún àwọ̀ epo, àfi bí a bá ń ka ìgbì lórí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Thomas Young ti ṣe ní 1801. Ìmọ́lẹ̀ dé ojú epo, ó pín sí méjì: apá kan padà lójú epo, èkejì wọlé, ó padà lójú omi tí ó wà nísàlẹ̀. Èkejì yìí ti rìn jù. Nínú afẹ́fẹ́, bí 1,700 ìgbì ìmọ́lẹ̀ ìyeyè ni ó tò sínú mìlímítà kan; ẹ wo bí epo náà ti gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́ tó! Bí orí ìgbì bá pàdé orí, àwọ̀ náà tàn. Bí orí bá pàdé kòtò, ó kú. Gígùn ìgbì pupa kì í ṣe ti aró, nítorí náà ibi tí ọ̀kan ti kú ni èkejì ti ń tàn.

Ohun kan wà tí ìlà kò lè sọ fúnra rẹ̀. Ìgbì tí ó padà lójú epo ti yí dà, orí rẹ̀ di kòtò. Èyí tí ó padà lójú omi kò yí, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ yára nínú omi ju inú epo lọ. Bí olùkọ́ kò bá kọ èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, ibi tí ó pè ní ìmọ́lẹ̀ ni ojú yóò rí ní òkùnkùn.

Bí ihò bá sì há tó gígùn ìgbì, ìmọ́lẹ̀ yóò fẹ̀ káàkiri, ìlà lásán kò ní mọ ọ̀nà. Síbẹ̀ a kò sọ ọ́ nù: ní 1962, Joseph Keller fi hàn bí a ti lè fa ìlà tuntun láti etí ohun tí ìmọ́lẹ̀ kàn.

Nínú ìwé mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, ẹ jẹ́ kí a yẹra fún «okùn ìmọ́lẹ̀», nítorí akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa wá okùn náà kiri. Kí a má sì kọ pé ìlà ń rìn. Ìgbì ni ó ń rìn. Ìlà ń tọ́ka.