Ọkọ̀ tí wọ́n ń yá aládùúgbò dá fífura sílẹ̀ nílé àgbàwọ̀ kan ní Ṣábẹ

Ẹ̀yin èèyàn wa, bí ẹ bá ti gbé ilé àgbàwọ̀ rí, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ yìí kò ní ṣàjèjì sí yín. Ojúlé mẹ́jọ ló wà nínú àgbàlá kan tí a dé ní Plateau, nílùú Ṣábẹ. Kànga kan ni gbogbo wọn ń pọn, géètì kan ni wọ́n ń gbà wọlé, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan ṣoṣo ló sì wà níbẹ̀, ìyẹn Toyota àlòkù kan tí olùkọ́ tó ń gbé ojúlé kẹta rà ní Kútọnu.

Ọkọ̀ olùkọ́ yìí ti di ọkọ̀ gbogbo ilé. Bí aboyún bá ń rọbí lóru, òun ni wọ́n máa ń fi gbé e. Bí wọ́n bá ní òkú ní Kaboua, òun náà ni. Ẹni tó bá yá a á da epo sí i, á dúpẹ́, ó tán. Ọkọ̀ ojú irin tó ti ń gba Ṣábẹ kọjá láti Kútọnu lọ sí Parakou kì í gbé èrò mọ́, kì í sì í ṣe gbogbo ẹrù ni èèyàn lè gbé sórí zémíjàn. Ẹni tó ní ọkọ̀ tí kò yá èèyàn, ojú ahun ni wọ́n á fi máa wò ó.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọ̀dọ́kùnrin tó ń gbé ojúlé kẹfà ń yá ọkọ̀ náà lóru, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ìyá alákàrà, tó máa ń jí lọ ẹ̀wà nígbà tí àwọn yòókù ṣì ń sùn, ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí. Ó ní bí ọkọ̀ bá ń jáde, ẹ̀yìn rẹ̀ á ti rọ̀ wálẹ̀ bíi pé ẹrù ńlá wà nínú rẹ̀, bó bá sì padà dé, òórùn epo bẹntiróòlù á gba gbogbo àgbàlá. Kò sọ fún olùkọ́. Ìyàwó bàbá onílé ló sọ fún, ẹ sì mọ̀ pé láti ibẹ̀ ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ẹni méjì.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn kan ti ń sọ pé kpayo ni ọmọkùnrin náà ń fi ọkọ̀ kó. Àwọn mìíràn ní olùkọ́ fúnra rẹ̀ mọ̀ sí i, pé ó ń gba ìpín tirẹ̀. A ò lè dá wọn lẹ́bi pé ẹ̀rù ń bà wọ́n. Ibodè Nàìjíríà kò jìnnà sí Ṣábẹ. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Bola Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin ní Nàìjíríà ni kpayo ti gbówó lórí lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n òwò náà kò kú. Nígbà tó sì di ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, iná sọ níbi tí wọ́n ń kó irú epo bẹ́ẹ̀ sí ní Sèmè-Kraké, èèyàn tó lé ní 30 ló bá a lọ. Ta ló fẹ́ kí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ sùn sí ẹ̀yìn fèrèsé òun, níbi tí àwọn ọmọ ń sùn sí?

Ìfura lòògùn àgbà, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bàbá onílé kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà máa rìn lábẹ́ ilẹ̀. Ó pe gbogbo ayálégbé jọ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, àwa náà sì wà níbẹ̀.

Olùkọ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, “Bàbá, ẹ gbọ́, mi ò gba fàráńkì kan lọ́wọ́ ọmọ yìí rí. Ó ní òun ń lọ wo ìyá òun tí ara rẹ̀ kò yá, mo sì gbà á gbọ́.” Gbogbo ojú wá yí sọ́dọ̀ ọ̀dọ́kùnrin náà. Ó kọ́kọ́ wolẹ̀, kó tó wá jẹ́wọ́. Kpayo kọ́ ló ń kó. Àwọn oníṣòwò obìnrin ló ń gbé lọ sí ọjà Glazoué pẹ̀lú àpò iṣu àti gàrí wọn, kí wọ́n lè tètè dé, ó sì ń gba owó ọkọ̀. Kẹ́ẹ̀gì epo kan ló máa ń gbé sẹ́yìn ọkọ̀ nítorí pé ilé epo kì í ṣí ní àkókò yẹn. Kẹ́ẹ̀gì náà ló ń jò.

Ibẹ̀ ni a ti rí ohun kan tó pa wá lẹ́rìn-ín díẹ̀: méjì nínú àwọn tó ń pariwo jù lọ nípa ọkọ̀ náà ni àbúrò wọn wà lára èrò tó ń gbé.

Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe kì í ṣe kékeré. Òfin tó de ọ̀rọ̀ yíyá nǹkan ní Benin, ìyẹn Code civil, sọ pé ọ̀fẹ́ ni irú yíyá bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́, àti pé ẹni tó yá nǹkan gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Bó bá wá lò ó fún iṣẹ́ mìíràn, tàbí kọjá àkókò tí wọ́n jọ fi àdéhùn sí, ọrùn rẹ̀ ló wà bí nǹkan náà bá ṣègbé, kódà kó jẹ́ àgbákò lásán. Ti àṣìránsì tún wà níbẹ̀. Òfin CIMA tí Benin ń lò pẹ̀lú àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ló sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọkọ̀ tó bá ń rìn lójú títì. Ṣùgbọ́n àṣìránsì ọkọ̀ ti ara ẹni yàtọ̀ sí ti tàkìsì, bí ẹni tó ń wa ọkọ̀ kò bá sì ní ìwé ìwakọ̀, ilé-iṣẹ́ àṣìránsì ní ohun tí yóò dì mú láti má sanwó. Ká ní ọkọ̀ yẹn dà nù lọ́nà Glazoué pẹ̀lú obìnrin márùn-ún nínú rẹ̀ ńkọ́? Orúkọ olùkọ́ ló wà lórí carte grise. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni àwọn ẹbí wọn máa kọ́kọ́ kàn.

Olùkọ́ ò bínú bí a ṣe rò. Ó ní láti ìsinsìnyí lọ, òun á máa kọ nọ́ńbà tí mítà ọkọ̀ bá fi hàn sínú ìwé kan kó tó jáde àti nígbà tó bá dé, ẹni tó bá fẹ́ yá a á sì sọ ibi tó ń lọ níṣojú ẹlòmíràn. Ọ̀dọ́kùnrin náà wá béèrè pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá ń fún yín ní nǹkan lórí ìrìn kọ̀ọ̀kan, ṣé ẹ ó gbà?” Olùkọ́ kò dáhùn. Bó bá gba owó, a jẹ́ pé kì í ṣe yíyá mọ́ nìyẹn, ó di kó háyà ọkọ̀ fún un, á sì ní láti lọ yí ìwé àṣìránsì rẹ̀ padà. Bó bá sì kọ̀, ẹsẹ̀ ni àwọn obìnrin yẹn máa fi dúró lójú títì lóru de ọkọ̀ mìíràn.

Wọ́n sún ìpàdé sí ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà lọ́wọ́ bàbá onílé títí di ìgbà náà, àyàfi bí ẹnìkan bá ń rọbí.