Ọjà Ọkọ̀ Afabàálù: Ohun Tí Ń Mú Un Gbòòrò àti Ohun Tí Ó Kan Ìbàdàn Níbẹ̀

1. Ìfáàrà

Ète iṣẹ́ yìí ni láti ṣàlàyé ohun tí ń mú kí ọjà ọkọ̀ tí ń fa bàálù lórí ilẹ̀ gbòòrò. Afabàálù ni a ó máa pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó rọrùn láti rò pé bí pápá ọkọ̀ òfuurufú bá ti ń pọ̀ sí i ni afabàálù yóò máa tà sí i. Èrò tiwa ni pé irú bàálù tí ń balẹ̀, àti iye ìgbà tí ó ń balẹ̀, ni ó ń pinnu rẹ̀.

2. Àpẹẹrẹ láti Ọjà'ba

Ẹni tí ó bá mọ Ọjà'ba yóò tètè lóye ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ẹrù ni ó ń yan ẹni tí yóò gbé e. Ẹrù tí kò pọ̀ di ti alábàárù, tí ó lè gba ọ̀nà tóóró àárín agbo ilé kọjá ní Bẹyẹrúnkà. Àpò ìrẹsì mẹ́ta tàbí mẹ́rin di ti ọmọlanke. Bí ó bá sì fẹ́ gun òkè Màpó, a ó wá ẹni tí yóò máa tì í lẹ́yìn. Kò sí ọlọ́mọlanke tí yóò ra èkejì kìkì nítorí pé a kọ́ ìsọ̀ tuntun sí Bẹẹrẹ. Ìgbà tí ẹrù bá ju agbára ti àkọ́kọ́ lọ ni yóò tó rà á.

3. Iṣẹ́ Afabàálù

Bí bàálù ńlá bá kọjú sí ilé èrò, kì í fi agbára ara rẹ̀ rìn sẹ́yìn: afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè ba nǹkan jẹ́, epo yóò sì ṣòfò. Afabàálù ni yóò tì í. Oríṣi méjì ni ó wà. Èkínní ń lo ọ̀pá irin tí a so mọ́ ẹsẹ̀ iwájú bàálù; ó gbọ́dọ̀ wúwo kí táyà rẹ̀ má baà máa yọ̀. Èkejì ń gbé ẹsẹ̀ iwájú náà mọ́ra láìlo ọ̀pá, ìwúwo bàálù fúnra rẹ̀ sì ń ràn án lọ́wọ́ láti tẹlẹ̀. Ní àìpẹ́ yìí, àwọn tí ń lo bátìrì dípò epo ń pọ̀ sí i, nítorí pé wọn kì í rú èéfín.

Boeing 747-400 lè wúwo ju tọ́ọ̀nù 390 lọ nígbà tí ó bá fẹ́ gbéra. ATR 72, tí í ṣe bàálù alábẹ̀bẹ̀, kò ju nǹkan bí tọ́ọ̀nù 23 lọ; bí àyè bá sì wà, ó lè yí ara rẹ̀ padà láìsí afabàálù rárá.

4. Ọjà Náà ní Nàìjíríà

Ní ọdún 1979 ni a ṣí ilé èrò Murtala Muhammed ní Ìkẹjà. Ọdún yẹn kan náà ni a dá NAHCO sílẹ̀ láti máa tọ́jú bàálù lórí ilẹ̀. Irú ilé-iṣẹ́ báyìí ni ó ń ra afabàálù; àwọn oníbàálù a sì máa sanwó iṣẹ́ tí a bá ṣe fún wọn. Nítorí náà, bí bàálù kò bá fò, owó kò wọlé. Èyí hàn gbangba ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà dá bàálù dúró títí di oṣù keje kí ti abẹ́lé tó tún bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ẹ̀wẹ̀, iye náírà já wálẹ̀ gidigidi sí owó òkèèrè. Níwọ̀n bí òkèèrè ti ni a ti ń ra afabàálù, ìnáwó lórí rẹ̀ ga sí i, bí ọkọ̀ tí ń balẹ̀ kò tilẹ̀ pọ̀ sí i.

5. Ohun Tí Ó Kan Ìbàdàn

Ọdún 1982 ni a ṣí pápá ọkọ̀ òfuurufú Alákìá. Nítorí pé Ìkẹjà kò jìnnà, ọ̀pọ̀ ará Ìbàdàn ni ó ń gba orí ilẹ̀ lọ wọkọ̀ níbẹ̀. Ní ọdún 2025, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dáwọ́ lé mímú pápá Alákìá gbòòrò. Ewu tí ó wà níbẹ̀ ni kí a ra afabàálù ńlá ṣáájú bàálù ńlá. Ẹ̀rọ tí kò ríṣẹ́ ṣe kò ní ṣàì gbó: bátìrì rẹ̀ yóò kú, oòrùn yóò sì sán táyà rẹ̀.

6. Ìkádìí

A ti fi hàn pé bàálù ni ó ń fa ọjà afabàálù, kì í ṣe ilé èrò. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ iye tí Alákìá nílò, kí ó kọ́kọ́ ka iye bàálù tí ń balẹ̀ níbẹ̀ lọ́sẹ̀, kí ó sì ya alábẹ̀bẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kì í ṣe alábẹ̀bẹ̀.